Yíyàn tó burú jù ní draft NFL: ẹni tó rajà ni ká bi, kì í ṣe ọjà

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹrin bá ti ń parí lọ, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Nínú gbogbo ọ̀dọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ti yàn rí, ta ni wọ́n náwó nára lé lórí jù, tí èrè rẹ̀ kò sì tó nǹkan? Ẹnì kan á ní JaMarcus Russell ni. Ẹlòmíràn á ní rárá o, Ryan Leaf ni. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré á ní Trey Lance ni. Ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, kò sẹ́ni tó máa gbà fún ẹnì kejì.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á yìí, Arsenal àti Chelsea lẹ mọ̀, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá kiri kò yé yín. Ẹ ní sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Lọ́dún 2024, ẹgbẹ́ New York Jets yan Olu Fashanu ní ipò 11. Lọ́dún 2023, Seattle Seahawks yan Olu Oluwatimi. Ọmọ wa ni wọ́n, orúkọ wa ni wọ́n ń jẹ́. Ọjà tí wọ́n ti ń díye lé ọmọ ẹni, ó yẹ kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń ná an níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú NFL. Agbábọ́ọ̀lù tó bá ń bọ̀ láti fásitì kò lè kàn lọ bá ẹgbẹ́ tó wù ú. Wọ́n á kó gbogbo wọn jọ, àwọn ẹgbẹ́ á sì máa yàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìpele 7 gbáko. Ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa jù lọ́dún tó kọjá ló máa ń yàn gbẹ̀yìn, èyí tí ìyà jẹ jù ló máa ń kọ́kọ́ yàn, kí agbára lè dọ́gba. Àmọ́ ẹgbẹ́ lè fi ipò rẹ̀ ṣòwò. Bí mo bá wà ní ipò 12 tó wù mí kí n dé ipò 3, mo lè bá ẹni tó wà níbẹ̀ dúnàádúrà, kí n fún un ní ipò tèmi, kí n sì fi àwọn yíyàn mi ti ọdún tó ń bọ̀ lé e. Ibí yìí gan-an ni ọ̀ràn ti máa ń ṣẹ́ yọ.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣi ọjà yìí rà. Lọ́dún 1936 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe draft, Philadelphia Eagles ló yan ẹni àkọ́kọ́, Jay Berwanger láti fásitì Chicago. Ọmọkùnrin náà ò gbá bọ́ọ̀lù NFL ọjọ́ kan títí tó fi kú. Nọ́ńbà 1 àkọ́kọ́ nínú ìtàn, òfo ló já sí!

Kó tó di pé mo dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká là á yéra wa: agbábọ́ọ̀lù tí kò dáa yàtọ̀ sí ọjà tí owó rẹ̀ kò bá a mu. Ẹni tó ra iṣu kan ní iye owó iṣu mẹ́wàá ti ṣòfò, bí iṣu náà tiẹ̀ dùn bí oyin. Ẹ wo Saquon Barkley. New York Giants yàn án ní ipò 2 lọ́dún 2018. Sáré ni iṣẹ́ ọmọ náà, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń darí eré, ni Giants ń wá lójú méjèèjì. Josh Allen ṣì wà nílẹ̀ títí di ipò 7, Lamar Jackson sì wà níbẹ̀ títí di ipò 32. Ọdún mẹ́fà ni Barkley lò níbẹ̀ kó tó lọ sí Eagles, ó sì sá yáàdì 2,005 lọ́dún 2024, wọ́n sì gba ife Super Bowl. Ta ló máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ? Síbẹ̀, ọjà tí Giants ná kò bọ́ sí i fún wọn.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ara mi. Èkíní, kí ni wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n tó rí i gbà? Ìkejì, ta ni wọ́n fò kọjá? Ìkẹta, tó sì ṣe pàtàkì jù, kí ni wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ná ọjà náà? Lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ tán, gbogbo wa la mọ̀ pé ó yẹ ká mú agboòrùn dání.

Ìbéèrè kẹta yìí ló jẹ́ kí n yọ àwọn kan kúrò lórí ìwé. Cincinnati Bengals sún láti ipò 5 wá sí ipò 1 lọ́dún 1995 nítorí Ki-Jana Carter, wọ́n sì fi yíyàn ìpele kejì lé e. Nínú eré ìdánwò tó kọ́kọ́ gbá, kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀ rárá, orúnkún rẹ̀ já. Kò padà sípò bó ṣe wà mọ́. Àwọn èèyàn ń ka ọmọ yìí mọ́ àwọn tó já ni kulẹ̀. Èmi ò ní kà á. Àgbákò ló bá a, wọn ò ṣi ọjà rà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àwọn tí gbogbo ayé ń dárúkọ.

JaMarcus Russell ni ti àkọ́kọ́. Oakland Raiders yàn án ní nọ́ńbà 1 lọ́dún 2007. Àdéhùn ọdún 6 ni wọ́n fún un, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 60 dọ́là, ó sì lé ní mílíọ̀nù 30 nínú rẹ̀ tó dájú pé ó máa gbà, ó ṣe dáadáa o, kò ṣe dáadáa o. Eré 25 ló bẹ̀rẹ̀ fún wọn, 7 péré ni wọ́n borí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, wọ́n ní kó máa lọ. Ẹgbẹ́ mìíràn kò sì lò ó mọ́. Èyí tó tiẹ̀ ń dun àwọn olólùfẹ́ Raiders jù ni àwọn tí wọ́n yàn tẹ̀ lé e: Calvin Johnson ní ipò 2, Joe Thomas ní ipò 3, Adrian Peterson ní ipò 7, Patrick Willis ní ipò 11, Darrelle Revis ní ipò 14. Johnson, Thomas, Willis àti Revis ti wọ Hall of Fame báyìí.

Ó burú, àbí kò burú? Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi í ní ìbéèrè mi. Kí ni Raiders fi sílẹ̀? Owó ni. Wọn ò fi yíyàn kankan kún un, torí eré 2 péré ni wọ́n borí nínú 16 lọ́dún 2006, ipò náà sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Kí ni wọ́n mọ̀? Ọmọ náà ga, apá rẹ̀ le, kì í ṣe Raiders nìkan ló sì fojú sí i lára. Pé owó rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àsìkò ló fà á. Nígbà náà, ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ yàn máa ń gba ohun tó bá wù ú. Lọ́dún 2010, Sam Bradford gba àdéhùn mílíọ̀nù 78 dọ́là. Lọ́dún 2011 ni wọ́n fi òfin dé owó àwọn ọmọ tuntun. Cam Newton tó jẹ́ nọ́ńbà 1 lọ́dún yẹn gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 22. Ẹ ẹ̀ rí i? Ọdún kan péré ló wà láàárín wọn. Láti ìgbà náà, owó kì í ṣe ohun tó ń pa ẹgbẹ́ mọ́. Ohun tí wọ́n bá fi dúnàádúrà láti dé ipò ló ń pa wọ́n.

Ryan Leaf ńkọ́? Ti ẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1998, Peyton Manning àti Leaf làwọn méjì tí gbogbo ènìyàn ń jà lé lórí. Ipò 3 ni San Diego Chargers wà. Kí wọ́n lè sún síwájú ní ipò kan ṣoṣo, láti 3 sí 2, wọ́n fún Arizona ní ipò 3 tiwọn, yíyàn ìpele kejì, yíyàn ìpele àkọ́kọ́ ti ọdún tó tẹ̀ lé e, àti agbábọ́ọ̀lù méjì. Gbogbo ẹrù yẹn fún ìgbésẹ̀ kan! Indianapolis mú Manning, Leaf kù fún wọn. Nígbà tí Leaf fi máa fẹ̀yìn tì, bọ́ọ̀lù 14 ló jù tó di touchdown, ó sì ju 36 sọ́wọ́ àwọn alátakò. Eré 21 ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n borí 4. Charles Woodson wà ní ipò 4 lọ́dún yẹn, Randy Moss sì wà nílẹ̀ títí di ipò 21.

Àwọn kan tún wà tí wọn kì í wà lórí ìwé àwọn èèyàn, tí mo sì rò pé ó yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀: àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ gbá a. Jacksonville Jaguars yan Bryan Anger ní ipò 70 lọ́dún 2012. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbá bọ́ọ̀lù jìnnà nígbà tí ẹgbẹ́ ò bá rọ́nà lọ mọ́. Ipò 5 lẹ́yìn rẹ̀, Seattle yan Russell Wilson, ó sì gba Super Bowl fún wọn láàárín ọdún méjì. Anger mọ iṣẹ́ rẹ̀ o, ó ṣì pẹ́ nínú líìgì. Àmọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, èèyàn máa ń rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tí draft bá parí. Tampa Bay Buccaneers tiẹ̀ ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 2016 wọ́n fi yíyàn ìpele kẹta àti ìkẹrin sílẹ̀ kí wọ́n lè dé ipò 59 láti mú Roberto Aguayo tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọ àárín òpó. Ó gbá 31, 22 ló wọlé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ ọdún 2017, wọ́n ti lé e.

Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé Mike Ditka, kóòṣì New Orleans Saints lọ́dún 1999. Ó fẹ́ràn Ricky Williams débi pé gbogbo yíyàn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní lọ́dún yẹn ló kó fún Washington, ó tún fi ti ìpele àkọ́kọ́ àti ìkẹta ti ọdún 2000 lé e. Ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n yàn lọ́dún náà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, fúnra rẹ̀ ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Eré 3 péré ni Saints borí lọ́dún yẹn, wọ́n sì lé Ditka. Williams gan-an kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ, nígbà tó dé Miami, òun ló sáré jù ní gbogbo NFL lọ́dún 2002. Ẹ tún rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọmọ.

Wàyí o, ta ni mo fi ṣe nọ́ńbà 1 tèmi? Trey Lance ni, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀.

Ipò 12 ni San Francisco 49ers wà lọ́dún 2021. Kí wọ́n lè dé ipò 3, wọ́n fún Miami ní ipò 12 náà, yíyàn ìpele àkọ́kọ́ ti 2022, ìpele àkọ́kọ́ ti 2023, àti ìpele kẹta kan. Ìpele àkọ́kọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ra ọmọ kan. Ta ni wọ́n fò kọjá? Ja'Marr Chase ní ipò 5, Penei Sewell ní ipò 7, Patrick Surtain ní ipò 9. Ipò 12 tiwọn tí wọ́n gbé sílẹ̀ ńkọ́? Ó lọ láti ọwọ́ kan sí òmíràn títí tó fi dé ọ̀dọ̀ Dallas, wọ́n sì fi yan Micah Parsons.

Ìbéèrè kẹta ló wá yanjú ẹ̀ fún mi. Kí ni wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ náà? Wọ́n mọ̀ pé eré 17 péré ni Lance ti bẹ̀rẹ̀ ní fásitì. Wọ́n mọ̀ pé North Dakota State tó ti wá kì í bá àwọn fásitì ńláńlá du ipò. Wọ́n mọ̀ pé lọ́dún 2020, nítorí àrùn Kòrónà, eré kan ṣoṣo ló gbá. Òótọ́ ni pé ó ju bọ́ọ̀lù 28 tó di touchdown lọ́dún 2019 láì ju ẹyọ kan sọ́wọ́ alátakò. Ẹ̀bùn wà lára ọmọ náà. Àmọ́ ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n rí, wọ́n sì san owó ọdún mẹ́ta lé e.

Eré 4 ló bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ dá lọ́dún 2022, nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ ọdún 2023, wọ́n ti fi í fún Dallas gba yíyàn ìpele kẹrin kan. Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, "Ìwọ náà ní àgbákò ò sí lórí ìwé rẹ, ẹsẹ̀ ọmọ yìí dá." Òótọ́ lẹ sọ. Ká yọ ti ẹsẹ̀ kúrò pátápátá. Ká ní ara rẹ̀ le koko lónìí, ìpele àkọ́kọ́ mẹ́ta fún ẹni tó gbá eré 17 ṣì wọ́n jù. Ti Carter yàtọ̀ sí èyí: ohun tí wọ́n rà ni wọ́n rí, àgbákò ló gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹlòmíràn á tún ní, "Ṣebí 49ers dé Super Bowl lẹ́yìn ìgbà náà?" Wọ́n dé ibẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ta ló gbé wọn dé ibẹ̀? Brock Purdy ni, ẹni tí wọ́n yàn ní ipò 262 lọ́dún 2022, ẹni ìkẹyìn pátápátá. Ẹni tó sọ mílíọ̀nù kan náírà nù, tó wá rí ẹgbẹ̀rún kan he tó fi ta tẹ́tẹ́ tó jẹ, orí ló bá a ṣe é. Ẹ má pè é ní ọgbọ́n.

Bryce Young ni mo mọ̀ pé àwọn kan máa fi bá mi jà. Lọ́dún 2023, Carolina Panthers fún Chicago Bears ní ipò 9, yíyàn ìpele kejì méjì, agbábọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ DJ Moore, àti ìpele àkọ́kọ́ ti 2024. Carolina borí eré 2 péré lọ́dún yẹn, ni yíyàn tí wọ́n ti fi ta Bears lọ́rẹ bá di nọ́ńbà 1, Bears fi mú Caleb Williams. C.J. Stroud tó wà ní ipò 2 sì ń tàn bí òṣùpá ní Houston. Lọ́dún 2024, eré 2 péré ni Young gbá kí wọ́n tó gbé e jókòó. Gbogbo ẹnu ló ti sọ pé ó ti parí. Nígbà tó padà sórí pápá, ó yàtọ̀. Ìdí rèé tí mi ò ṣe tíì kọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Cade Massey àti Richard Thaler tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2017, ti wádìí ọjà yìí. Wọ́n rí i pé àwọn ẹgbẹ́ ń san jù fún àwọn ipò iwájú. Bí ẹ bá mú agbábọ́ọ̀lù méjì tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n yan èkejì tẹ̀ lé èkíní, ìgbà 52 nínú 100 péré ni ẹni àkọ́kọ́ máa ń dáa ju ẹnì kejì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú kéèyàn da owó ẹyọ sókè. Ẹ wá rò ó wò, kí ló dé tí ẹnì kan fi máa kó ọdún mẹ́ta sílẹ̀ nítorí owó ẹyọ?

Ẹ̀rí wà nílé wa pàápàá. Foyesade Oluokun, fásitì Yale ló ti wá, ipò 200 ni Atlanta Falcons ti yàn án lọ́dún 2018. Lọ́dún 2021 àti 2022, kò sẹ́ni tó mú alátakò balẹ̀ tó o ní gbogbo NFL. Adewale Ogunleye ńkọ́? Lọ́dún 2000, wọ́n yan, wọ́n yan, wọ́n yàn tán, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀. Miami Dolphins kàn gbà á wọlé ni. Lọ́dún 2003, ìgbà 15 ló wó quarterback lulẹ̀, wọ́n sì mú un lọ sí Pro Bowl, eré àwọn àṣàyàn. Ọdún 2000 kan náà ni wọ́n yan Tom Brady ní ipò 199, ife Super Bowl 7 ló fi parí iṣẹ́.

Chargers tí mo bú lẹ́ẹ̀kan gan-an kọ́gbọ́n. Lọ́dún 2001, nọ́ńbà 1 wà lọ́wọ́ wọn, gbogbo ayé sì ń pariwo Michael Vick. Wọ́n gbé ipò náà fún Atlanta, wọ́n gba ipò 5 àti àwọn nǹkan mìíràn lé e. Wọ́n fi ipò 5 mú LaDainian Tomlinson tó ti wọ Hall of Fame, wọ́n sì tún mú Drew Brees ní ipò 32. Ẹgbẹ́ tó san ẹrù ńlá láti sún síwájú ìgbésẹ̀ kan lọ́dún 1998, òun náà ló gbowó láti sún sẹ́yìn lọ́dún 2001. Èwo ló mú èrè wá fún wọn?

Ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni orúkọ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n yan Trey Lance, kò tíì pé ọmọ ọdún 21. Kì í ṣe òun ló ní kí wọ́n kó ìpele àkọ́kọ́ mẹ́ta sílẹ̀. Kò jókòó síbi tí wọ́n ti dúnàádúrà náà. Àwọn àgbà tó ná ọjà, tí wọ́n ń gbowó nítorí pé wọ́n mọ ojú ọjà, ló ṣe é. Àwọn yẹn kì í pẹ́ ríṣẹ́ mìíràn. Ọmọ ni orúkọ burúkú máa ń lẹ̀ mọ́. Ryan Leaf kó sínú oògùn ìrora lẹ́yìn tó kúrò nínú bọ́ọ̀lù, ó dé ẹ̀wọ̀n, ọdún 2014 ló jáde. Lónìí, ó ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé draft ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé èèyàn ni, kì í ṣe iṣu tí wọ́n rà tó jẹrà.

Ọmọ Yorùbá á tún wà nínú àwọn tí wọ́n máa yàn lọ́dún tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan máa ṣe dáadáa, àwọn kan ò ní rọ́nà gbé e gbà. Bí ti ẹnì kan bá já sí òfo nínú wọn, tẹ́ ẹ wá gbọ́ tí wọ́n ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n fi rà á, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi onítọ̀hún pé nígbà tó ń kó gbogbo àpò náà sílẹ̀, kí ló rí tí àwa tó kù kò rí?